Ẹni Tí Kò Nawọ́: Ohun Tí Ìsìláàmù Wí Lórí Agbe Ṣíṣe

Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìlú Àjàláyé, tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, tí ó sì fẹ́ mọ bí àtijẹ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti rí, ó lè rin ọjà já, kí ó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà nínú ìlú náà, kí ó sì yí padà láì pàdé ju alágbe kan tàbí méjì lọ. Nígbà tí ó bá sì padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò sọ fún wọn pé ara dẹ àwọn ará ìlú náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó nawọ́ sí òun. Kò purọ́, ṣùgbọ́n àlejò a máa lójú, kì í fi ríran, ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Àwa tí a jẹ́ ọmọ onílé mọ àgbẹ̀ arúgbó tí igi kòkó rẹ̀ ti gbó kọjá èso, tí kò sì ní agbára mọ́ láti gé wọn kí ó gbin òmíràn. A mọ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó jẹ́ pé gbèsè ni ó fi la ọdún 2015 sí 2018 já nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń bù nínú owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, tí kò sì tíì bọ́ nínú gbèsè náà tí owó epo bẹntiróòlù fi fò sókè ní ọdún 2023. A mọ opó tí kì í lọ sọ́jà àfi ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, kí àwọn ọlọ́jà lè bá a dín owó ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lórí àtẹ. Kò sí ẹni tí yóò rí àwọn mẹ́ta yìí lójú pópó tí yóò pè wọ́n ní aláìní, nítorí pé aṣọ wọn mọ́, ẹnu wọn sì dákẹ́.

Bàbá kan wà nínú irú wọn tí ó máa ń dé mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ kí ladáànì tó pe ìrun. Agbádá tí ó wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni ó ń wọ̀ wá, bí ọrùn rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣá, ẹ̀gbẹ́ òpó kan náà ni ó sì máa ń jókòó sí. Bí a bá kírun tán, tí ẹni tí ó ṣe sàárà bá ní kí wọn pín mọ́sà, bàbá yìí yóò gba méjì tí ó kàn án, yóò ṣàdúrà fún ẹni tí ó ṣe sàárà náà, yóò yọ ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò, yóò dì í, yóò sì tì í bọ àpò padà, yóò ní òun ti jẹun kí òun tó jáde nílé. Ìyàwó rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó rìn mọ́ ni ó ń gbé e lọ fún. Àwọn kan náà tí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ní “Bàbá, ẹ kú Jímọ̀,” ni wọn yóò dé ẹnu géètì tí wọn yóò máa yọ náírà fún ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́, wọn yóò sì gbà pé àwọn ti ṣe ohun tí Ọlọ́hun ní kí àwọn ṣe lórí ọ̀rọ̀ aláìní fún ọ̀sẹ̀ náà. Èmi kò bá wọn wí pé wọ́n fún ẹni tí ó tọrọ, nítorí pé Àlùkùránì fúnra rẹ̀, nínú súrà 93, kọ̀ fún wa láti jágbe mọ́ ẹni tí ó bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn yìí lórí agbe ṣíṣe gbòòrò ju ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì lọ, a sì ti fi ẹnu géètì náà parí rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọwá Obòkun kì í fẹ́ kí a bá òun ní ipò ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn tí Ogun Kírìjì parí ní ọdún 1886 tí ọ̀nà sì là, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ru ẹrù aṣọ, wọ́n ń tà á láwìn láti ìlú dé ìlú àti láti abà dé abà, nígbà tí ọjọ́ owó bá sì pé, oníṣòwò náà, tí a ń pè ní Òṣómàáló, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, oòrùn ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀, kò níí dìde níbẹ̀ títí owó rẹ̀ yóò fi pé sí i lọ́wọ́. Ẹni tí baba rẹ̀ lóṣòó kí ó lè gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀, báwo ni òun yóò ṣe lóṣòó láti tọrọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń fi ṣe ìwà hù. Ìwà yìí lẹ́wà, ó sì bá ohun tí Ìsìláàmù ń fẹ́ mu. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ni pé láàárín irú àwọn ènìyàn báyìí, ebi lè pa ẹnì kan lẹ́yìn ògiri tí a jọ fara tì láìjẹ́ pé a gbọ́.

Inú súrà kejì Àlùkùránì, ní áyà 273, ni Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní ti àwọn aláìní ni ọrẹ ìtọrẹ jẹ́, àwọn tí nǹkan há mọ́ ní ojú ọ̀nà Ọlọ́hun tí wọn kò lè rìn káàkiri ilẹ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n nítorí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn, pé àmì ara wọn ni a ó fi dá wọn mọ̀, àti pé wọn kì í rọ̀ mọ́ ènìyàn lọ́rùn láti tọrọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùtumọ̀ sọ pé àwọn sàhábà tálákà tí wọ́n ń gbé lábẹ́ ìbòòji kan ní ara mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá wí. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tún mú ọ̀rọ̀ náà yéni sí i nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, níbi tí ó ti wí pé kì í ṣe ẹni tí ń káàkiri, tí òkèlè kan tàbí méjì ń dá padà, ni a ń pè ní aláìní gan-an, bí kò ṣe ẹni tí kò ní ohun tí yóò tó o, tí ẹnikẹ́ni kò fura sí i kí ó fún un, tí òun náà kò sì dìde láti tọrọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó: a ti gbé iṣẹ́ wíwá kúrò lọ́rùn ẹni tí ebi ń pa, a sì gbé e ka ẹni tí ó yó lórí.

Bí a bá wá yíjú sí ẹni tí ó sọ agbe di iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò tutù sí i. Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń tọrọ káàkiri láìdẹ́kun yóò dé iwájú Ọlọ́hun ní ọjọ́ Àlùkìyámà láìsí ẹran lójú rẹ̀. Ó wí pé kí ènìyàn mú okùn, kí ó lọ ṣẹ́ igi, kí ó rù ú tà, sàn fún un ju kí ó máa tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí ó lè fún un tàbí kí ó má fún un. Ó wí pé ọwọ́ tí ó wà lókè dára ju èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tí ó bá ti Yorùbá mu gẹ́lẹ́ pé ọwọ́ afúnni ní í lékè. Sàhábà kan, Hakim ọmọ Hizam, tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra, ó sì ń fún un, lẹ́yìn náà ni ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kìlọ̀ fún un nípa adùn owó àti bí ojúkòkòrò ti ń mú ìbùkún kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi búra pé òun kò níí gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, nígbà tí Abu Bakr tí ó jẹ olórí Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì sì pè é láti wá gba ìpín tirẹ̀, tí Umar tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ náà tún pè é, ó kọ̀ fún àwọn méjèèjì títí ó fi jáde láyé.

Àwọn hádíìsì wọ̀nyí ni a sábà máa ń gbọ́ níbi wáàsí, a sì ń fi ohùn líle sọ wọ́n sí etí alágbe. Èyí tí a kì í sábà sọ parí ni èyí tí sàhábà Anas gbà wá, tí Abu Dawud kọ sílẹ̀, nípa ọkùnrin ará Mẹ̀dínà kan tí ó wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì. Ànábì kò fún un lówó, kò sì bá a wí. Ó bi í léèrè bí ohunkóhun bá wà nílé rẹ̀. Ó ní aṣọ kan wà tí àwọn ń tẹ́ apá kan rẹ̀, tí àwọn ń fi apá kejì bora, àti abọ́ kan tí àwọn fi ń mu omi. Ànábì ní kí ó lọ kó wọn wá. Ó gbé wọn lọ́wọ́, ó polówó wọn fún àwọn tí ó jókòó, ẹnì kan ní òun yóò san dírámù kan, ó tún béèrè ta ni yóò fi kún un, ẹlòmíràn ní òun yóò san méjì, ó sì tà á fún un. Ó kó dírámù méjèèjì lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀, kí ó fi ìkejì ra irin àáké wá. Nígbà tí irin náà dé, Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki èèkù bọ̀ ọ́, ó wá ní kí ó máa lọ ṣẹ́gi tà, kí òun má sì ṣe fojú kàn án títí ọjọ́ 15. Ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú dírámù 10, ó ti fi díẹ̀ ra aṣọ, ó ti fi díẹ̀ ra oúnjẹ. Ìgbà yìí ni Ànábì tó sọ fún un pé èyí sàn fún un ju kí agbe di àpá sí ojú rẹ̀ ní ọjọ́ Àlùkìyámà lọ.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Oúnjẹ ṣáájú irin àáké, irin àáké ṣáájú ìwàásù. Ẹni tí kò ní ju aṣọ kan àti abọ́ kan lọ ni wọ́n bá wá owó ìbẹ̀rẹ̀ nínú ohun tirẹ̀, kí ó má baà di ẹni tí ó jẹ gbèsè oore; aṣíwájú ìlú fúnra rẹ̀ sì ni ó ki èèkù. Èmi gbà pé ẹni tí kò tíì ki èèkù fún ẹnikẹ́ni rí kò ní ẹnu láti fi hádíìsì igi ṣíṣẹ́ na alágbe. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ nìkan kì í gé igi lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní Ìpetu wàyí, kí á lọ sí Òṣogbo, sí iwájú mọ́ṣáláṣí gbogboogbò tí kò jìnnà sí ààfin Àtáọ́jà, tàbí sí àwọn Sábó wa níbi gbogbo, níbi tí ọmọdé ti ń fi ọ̀pá fa afọ́jú láti ọkọ̀ kan dé èkejì ní àkókò tí ó yẹ kí ó wà nílé ìwé. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá rí i, wọn a ní ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó gbà á láyè. Èmi a máa fi Abdullah ọmọ Umm Maktum dá wọn lóhùn. Afọ́jú ni sàhábà yìí, nítorí rẹ̀ sì ni súrà 80 fi sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ladáànì ni Ànábì fi ṣe pẹ̀lú Bilal, ìgbà tí Ànábì bá sì rin ìrìn àjò, ó ti fi í sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti dúró fún un ní Mẹ̀dínà. Afọ́jú Mẹ̀dínà ń pe ènìyàn wá sínú mọ́ṣáláṣí. Tiwa jókòó sẹ́yìn géètì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ álímájìrì nílẹ̀ Haúsá kò yàtọ̀. Ìmọ̀ Àlùkùránì ni a tìtorí rẹ̀ rán wọn jáde nílé, abọ́ ni ó kù sí wọn lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé ìwé fún wọn láti nǹkan bí ọdún 2012, ní ọdún 2020 sì ni àwọn gómìnà ìhà Àríwá fẹnu kò láti fòpin sí àṣà álímájìrì, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ náà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì ní àárín àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ní orílẹ̀-èdè Senegal, òfin tí ó lòdì sí fífi ọmọdé ṣe agbe ti wà láti ọdún 2005, àwọn ọmọ náà sì wà ní ìgboro Dakar síbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà kan, obìnrin òǹkọ̀wé tí ń jẹ́ Aminata Sow Fall, ti kọ ìtàn kan jáde ní ọdún 1979 nípa àwọn alágbe tí ìjọba lé kúrò nígboro, tí wọ́n sì pinnu láti má jáde mọ́, tí ọ̀gá ìjọba tí ó lé wọn wá ń wá alágbe kiri láti ṣe sàárà tí aláfọ̀ṣẹ ní kí ó ṣe kí ipò rẹ̀ lè ga. Obìnrin yìí fi ìka kan ibi tí ó ń ro wá: àwa tí ń fúnni ti ń lo alágbe fún ìfẹ́ inú ara wa. Nílẹ̀ wa, ilé kéú kì í sábà lé ọmọ sígboro. Owó Àlàárùbá tí òbí fi ń ránṣẹ́ ní ọjọọjọ́ Ọjọ́rú, àti oko tí àwọn ọmọ ń bá àfáà ro, ni a fi ń gbé e ró. Ó yẹ kí á mọ rírì ohun tí àwọn bàbá wa ṣe yìí.

Síbẹ̀, àwa náà ní agbe tiwa tí a kì í pè ní agbe. Bí a bá péjọ níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìrántí òkú, tí àfáà gba gbohùngbohùn, tí ó ń pe àwọn olówó lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń ki wọ́n ní oríkì, tí kò sì jẹ́ kí àdúrà kan parí kí owó tó bọ́ sílẹ̀, kí ni a ó pè é? Iṣẹ́ àfáà kò kéré, ó sì yẹ kí ìjọ tí ó ń sìn máa bọ́ ọ, nítorí pé ẹni tí ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéú gbọdọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n a kọ̀ láti fún un ní owó oṣù tí ó mọ́gbọ́n dání, a wá sọ àdúrà di ọjà rẹ̀; nígbà tí ó bá di alẹ́, a ó máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àfáà nìkan.

Qabisa, ará ìdílé Hilal, ni Ànábì ṣàlàyé fún, nínú hádíìsì tí Muslim kọ, pé ènìyàn mẹ́ta ni títọrọ tọ́ sí: ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró gbèsè láàárín àwọn tí ń jà, ẹni tí àjálù gba gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ, àti ẹni tí ìṣẹ́ dé bá, tí olóye mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀pọ̀ ń ka ẹ̀kẹta yìí bí odi tí a mọ láti dí ọ̀nà mọ́ ayédèrú alágbe, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni olóye mẹ́ta yóò ṣe jẹ́rìí sí ìṣẹ́ ẹnì kan bí wọn kò bá mọ inú ilé rẹ̀? Ìlànà náà gbà pé ní àdúgbò Mùsùlùmí, ó kéré tán, ẹni mẹ́ta ni yóò mọ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀ kò bá ti gun orí iná láti ọjọ́ mélòó kan. Mo wá bi ara mi léèrè nípa olùkọ́ wa tí ó fẹ̀yìn tì: ta ni mẹ́ta tirẹ̀? Bí ó bá tilẹ̀ gbójú láti tọrọ lónìí, kò sí ẹlẹ́rìí tí yóò rí pè, nítorí pé a kì í ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Nínú oṣù kẹta ọdún 2024, nínú oṣù ààwẹ̀, ní ìlú Bauchi, ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ lọ síbi tí oníṣòwò kan ti ń pín owó sàká, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin sì kú níbẹ̀ nítorí ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fúnni kò ní inú burúkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní kí aláìní wá tò síta, àwọn alágbára ni yóò kọ́kọ́ dé iwájú, bàbá alágbàádá wa kò sì ní wá rárá. Ìtàn tí a gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìṣáájú sọ pé Umar, nígbà tí ó jẹ́ olórí gbogbo Mùsùlùmí, bá obìnrin kan ní òru tí ó gbé omi lásán kaná kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rò pé oúnjẹ ń jinná, ó padà lọ sí ilé ìṣúra, ó gbé àpò ìyẹ̀fun, nígbà tí ìránṣẹ́ rẹ̀ sì ní òun yóò bá a rù ú, ó bi í bóyá òun náà ni yóò bá òun ru ẹ̀ṣẹ̀ òun ní ọjọ́ Àlùkìyámà. Ẹni tí ó ní ni ó ru ẹrù lọ sílé ẹni tí kò ní.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù, kò sì yẹ kí á fi ojú fò ó ní ilẹ̀ kòkó. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, irú èyí tí àwọn bàbá wa kò rí rí, owó sì wọ àwọn ilé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé. Ìlànà Imam Malik tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé kì í ka kòkó mọ́ irè oko tí a ń yọ sàká nínú rẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè, bí a ti ń yọ ọ́ nínú àgbàdo tàbí ọkà bàbà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa sì ti gbọ́ ìyẹn, wọ́n dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a ta kòkó náà, bí ó bá tó iye gíráàmù wúrà 85, tí ó sì lo ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ olówó, ìdá kan nínú 40 rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́; bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó ń kó o jọ láti tún un tà, ọjà tí ó wà ní ìpamọ́ rẹ̀ wọ inú ìṣirò. Bí ọlọ́rọ̀ mẹ́wàá péré ní agbègbè wa bá yọ èyí láìfi ohunkóhun pa mọ́, owó náà yóò tó ra irin àáké fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilé kan náà ni ó ń bí Lẹ́mọ́mù àti olùṣọ́ àgùntàn. Opó tí ń lọ sọ́jà ní àṣálẹ́ lè jẹ́ ọmọ ìjọ Kírísítẹ́nì, sàárà wa kò sì yọ ọ́ sílẹ̀.

Àlùkùránì, nínú súrà 9, áyà 60, ka oríṣi ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, lẹ́yìn aláìní àti tálákà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbà á tí wọ́n sì ń pín in ni ó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tí mo ń bẹ Lẹ́mọ́mù wa, àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí àti àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ Alásàlátù, ni pé kí ìkórè kòkó tí ń bọ̀ yìí tó wọlé, kí wọn yan ẹni mẹ́ta-mẹ́ta tí ó lóye, tí ó sì lè pa àṣírí mọ́, sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ìpetu, kí obìnrin wà nínú wọn nítorí àwọn opó, kí wọn máa wọ ilé dé ilé, kí wọn kọ ohun tí ó jẹ́ àìní ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, yálà oúnjẹ ni o, tàbí oògùn, tàbí owó ilé ìwé, tàbí igi kòkó tuntun àti ẹni tí yóò bá arúgbó gbìn ín, kí wọn sì máa gbé e lọ bá wọn nílé. Kí á sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn nínú sàká náà, bí áyà yẹn ti gbà á láyè.